Ọgbà Ìṣeré Tí Mo Dá Sórí Ilẹ̀ Bàbá Mi

Ọdún méje ni mo fi bomi rin koríko tí n kò láṣẹ láti jókòó lé. Inú ìlú kan ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá ni mo ti ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ènìyàn bá gbàgbé ike omi síta láàárọ̀ níbẹ̀, kí ó tó di ọ̀sán, omi náà ti gbóná tó èyí tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú náà ti pinnu pé oòrùn kò ní dí àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ eré, nítorí náà ọgbà ìṣeré wà ní àdúgbò gbogbo. Wọ́n na aṣọ ńlá bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi bo orí jáńgírọ́fà. Wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ tẹ́ ilẹ̀ kí ọmọ tó bá ṣubú má baà fara pa. Níbì kan, omi ń tú jáde láti inú àwọn ihò kéékèèké nínú ilẹ̀, àwọn ọmọdé á máa sáré gba àárín rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, níbi tí ojú kò tó, rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kán omi sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń tọ́jú rọ́bà yẹn.

Lọ́sàn-án, kò sí ẹnìkan nínú ọgbà àfi àwa òṣìṣẹ́. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, àwọn ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú ẹní, abọ́ oúnjẹ àti ìkòkò tíì. Wọ́n á jókòó sórí koríko, àwọn ọmọ á tú ká. Ó wù mí láti máa wò wọ́n. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó sọ pé ní òpin ọ̀sẹ̀, ìdílé nìkan ló lè wọlé. Ọkùnrin tí kò bá mú ìyàwó àti ọmọ dání, kó máa lọ. Àwa àlejò tí a ń sùn mẹ́wàá nínú yàrá kan mọ̀ pé àwa gan-an ni pátákó náà ń bá wí.

Ní ọdún kẹta mi níbẹ̀, ọjọ́ ìsinmi mi bọ́ sí ọjọ́ ìdílé. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fúnra mi, mo sì lọ sí ọgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Igi kan wà níbẹ̀ tí èmi fi ọwọ́ ara mi gbìn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ̀ mí dáadáa. Àlejò bí tèmi ni òun náà, ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè mìíràn, a sì jọ máa ń jẹun lórí páálí kan náà. Ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Mo ní kó wò mí dáadáa, pé èmi ni, pé àná ni mo wọlé níbí.

Ó ní, “Aṣọ iṣẹ́ ló wọlé lánàá. Kì í ṣe ìwọ.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo padà lọ jókòó sí etí títì, ibi tí ooru ti ń jáde láti inú ọ̀dà wá bá ìdí ènìyàn, mo sì búra. Mo búra pé n ó ní ọgbà ìṣeré tèmi lọ́jọ́ kan nílùú wa. Bí mo bá wo ìbúra náà lónìí, ojú ń tì mí, nítorí n kò búra pé n ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo búra ni pé èmi ni n ó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Ọ̀gá mi kò fún mi láyè láti wá sin ín. Nígbà tí mo padà sí Atakpamé, ìlú wa ní Tógò, níkẹyìn, ìyá mi mú mi lọ wo ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, létí ọ̀nà tó gòkè láti ọjà wá. Igi dóńgóyárò ńlá kan dúró sí i, abẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọkùnrin. Àwọn ọlọ́kadà ni, àwọn tí a ń pè ní zémidjan nílẹ̀ wa. Wọ́n ti tẹ́ pákó sórí òkúta fi ṣe ìjókòó. Àwọn kan sùn sórí ọ̀kadà wọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀kadà bí ẹni pé inú ilé wọn ni wọ́n wà. Ìyá mi kí wọn, wọ́n dìde kí i. Ó sọ fún mi pé bàbá ló ní kí wọ́n máa sinmi níbẹ̀, àti pé ní oṣù tí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀, àwọn ni wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí ọ̀kan á wà á, tí èkejì á jókòó sẹ́yìn dì í mú.

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ń rí ni ibi tí jáńgírọ́fà yóò wà.

Mo sọ èrò mi fún ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọmọ méjì. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó ní òótọ́ ni, pé nílùú tó kún fún òkè báyìí, àárín ọ̀nà ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, níwájú ọkọ̀. Ó kàn bi mí pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń sinmi níbẹ̀. Mo ní wọ́n máa wá ibòmíràn.

Ọjọ́ tí mo lọ lé wọn, ọ̀kan nínú wọn ló dá mi lóhùn. Ọkùnrin gíga kan ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi igun kan sílẹ̀ fún àwọn lábẹ́ igi náà, pé àwọn kò ní dí iṣẹ́ mi lọ́wọ́, pé àwọn tilẹ̀ lè máa ṣọ́ ibẹ̀ fún mi. Ó ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Èmi pè é ní “ìwọ”. Mo ní ibùdókọ̀ wà nísàlẹ̀, kí wọ́n lọ síbẹ̀. Ó ní kò sí ibòji nísàlẹ̀. Mo ní èmi kọ́ ni mo fi oòrùn sójú ọ̀run. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń kó àwọn pákó ìjókòó náà jọ. Àwọn tó kù dìde tẹ̀lé e.

Mo na wáyà yí ilẹ̀ náà ká. Mo gbé wẹ́dà kan wá, ó fi irin ṣe jáńgírọ́fà mẹ́rin àti ìyọ̀ kan, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi àkàbà gùn lọ sókè kí wọ́n tó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Wẹ́dà yẹn sọ fún mi pé irin máa ń gbóná, pé kí n jẹ́ kí òun fi símẹ́ǹtì dán ọ̀nà ìyọ̀ náà. Mo ní ṣé òun ni ó máa kọ́ mi nípa ooru, èmi tí mo ti aṣálẹ̀ bọ̀? Mo gbin koríko. Mo ra rọ́bà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, mo lu ú ní ihò bí mo ti kọ́ ọ lọ́hùn-ún.

Ohun kan wà tí n kò rò. Láàárọ̀, òjìji dóńgóyárò máa ń wà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, òjìji náà á jáde gba inú wáyà kọjá, á sùn sí etí ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà rí i kí n tó rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ pákó wọn síta, wọ́n jókòó sínú òjìji igi mi lórí ilẹ̀ ìjọba, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé wọn. Mo fa rọ́bà omi wá sídìí wáyà, mo ń bomi rin koríko, mo sì jẹ́ kí omi náà ṣàn lọ bá wọn títí ibi tí wọ́n jókòó sí fi di ẹrọ̀fọ̀. Wọn kò bú mi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló rí mi láti ojú fèrèsé. Ní àdúgbò wa, omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́, àwọn obìnrin sì máa ń jí fi ike tò fún un. Ó ní omi tí mo dà sílẹ̀ ní ọ̀sán yẹn tó wẹ òkú bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣí ọgbà náà. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn òbí dé pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, àwọn olùkọ́, tọkọtaya tó gbé ọmọ pọ̀n. Mo ti gbé pátákó kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Faransé kí ó lè ní iyì: ìdílé nìkan. Mo so fèrè mọ́ ọrùn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó fẹ́ wọlé wá jókòó, mo dá wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé ìwé dání, mo dá a padà. Inú mi dùn bí mo ti ń ṣe é, n kò ní parọ́. Ọwọ́ tí mo nà dí wọn lọ́nà, mo mọ ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń nà án.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú kan, ọkùnrin gíga nì dé ẹnu ọ̀nà. Kò gun ọ̀kadà wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fa ọmọbìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ bí ọdún márùn-ún. Wọ́n di irun ọmọ náà, àmọ́ ó wọ́, ó sì ti ń tú létí kan. Ó hàn pé ọwọ́ ọkùnrin ló dì í. Ọmọ náà ti ń wo jáńgírọ́fà láti òkèèrè, ó ń fa bàbá rẹ̀ síwájú.

Mo bi í pé níbo ni ìyá ọmọ náà wà.

Ó ní ó ti kú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ó yẹ kí n ṣí géètì, kí n sì tẹ orí mi ba. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé àwọn ènìyàn ń wò wá, mo sì rò ó pé bí mo bá gbà fún ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà yìí, gbogbo wọn á wọlé lọ́la. Mo ní òfin ni òfin. Mo ní ọmọ lè wọlé, kí bàbá dúró síta.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ìdílé rẹ̀.”

Ó jù mí lọ, síbẹ̀ ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ìrẹ̀lẹ̀ yẹn tún bí mi nínú sí i. N kò yẹ̀ lọ́nà. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo tèmi, ó tún wo tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti àárọ̀, rìn wá sí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé, “Ìwọ tó o dúró síbí yìí, ta ni ìyàwó rẹ? Ta ni ọmọ rẹ?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà, àwọn tó pọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bá gbé fèrè sẹ́nu, mo fun ún. Títí di òní, n kò lè ṣàlàyé ohun tó mú mi fun ún. Ẹ̀gbọ́n mi fa àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ọkùnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká, wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà. Ọmọ náà ń bojú wẹ̀yìn wo jáńgírọ́fà títí wọ́n fi yà.

Láti ọjọ́ kejì, kò sí ọlọ́kadà kankan tó gbà láti gbé ènìyàn dé ẹnu ọgbà mi. Bí òbí kan bá pè wọ́n lọ́jà, tó sì dárúkọ ibi tó ń lọ, wọ́n á ní àwọn kì í gòkè lọ síbẹ̀. Àwọn tó bá tilẹ̀ gbé wọn, ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ń já èrò sí, àwọn ìyá á sì gbé ọmọ gun òkè nínú oòrùn. Àwọn tó ń wá ń dín kù. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, á sì kọjá. Nígbà tí àlejò bá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n lọ wo Lárúbáwá lẹ́nu géètì.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọlọ́kadà ṣì ń wá sínú òjìji lọ́sàn-án. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ta ayò, wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, bí mo bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì máa wò mí. Ìdákẹ́ yẹn wọ mí lára ju èébú lọ. Mo fara dà á ní ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni mo wá ọkùnrin tó ní ayùn elẹ́ńjìnnì, mo ní kó wá gé igi náà.

Ìyá mi jáde nígbà tó gbọ́ ìró ayùn. Ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ó rìn dé ìdí igi náà. Ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó ní, “Bàbá rẹ kò gbin igi yìí. Ó bá a níbẹ̀ ni.”

Mo ní ilẹ̀ mi ni. Ó wo ọkùnrin tó gbé ayùn dání, bóyá òun ló máa ní ojú àánú jù mí lọ, ọkùnrin náà sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá mi padà sínú ilé. Igi náà gbà wá ní gbogbo òwúrọ̀. Nígbà tó ṣubú, ewé rẹ̀ bo jáńgírọ́fà méjì, òórùn kíkorò rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ọlọ́kadà dúró ní òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Wọ́n gun ọ̀kadà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọn kò sì padà wá mọ́. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn wọlé. Bí ẹnìkan bá wà ní Atakpamé tó yẹ kó mọ ohun tí oòrùn lè ṣe sí ilẹ̀ tí kò ní ibòji, èmi ni. Mo ra aṣọ ìbòji ní Lomé, mo nà án sórí ọparun. Lọ́hùn-ún, òpó irin tí wọ́n rì sínú símẹ́ǹtì ló ń di aṣọ bẹ́ẹ̀ mú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkè wa fa tèmi ya kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Omi ẹ̀rọ ń yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ yọ. Rọ́bà dúdú mi sùn sínú iyanrìn láìní ohun tó máa kán. Koríko pọ́n, ó gbẹ, ó sì di eruku. Mo lọ bẹ àwọn obìnrin àdúgbò kí wọ́n bá mi pọn omi. Wọ́n rántí ọ̀sán ọjọ́ tí mo fi omi ṣe ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n lọ sí aṣálẹ̀ lọ bu ú wá.

Síbẹ̀, n kò ti ọgbà náà. Ìdílé díẹ̀ ṣì ń wá lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan mú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn wá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó wọ gáùn kúkúrú. Mo rí i tó ń gun àkàbà ìyọ̀. Mo mọ̀ pé irin náà ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Mo la ẹnu láti pè é, ṣùgbọ́n ó ti jókòó, ó sì ti yọ̀.

Igbe ọmọ náà kò dà bí igbe ọmọ tó ṣubú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e sókè, awọ ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti bó. Bàbá náà gbé e sáré jáde lọ wá ọ̀kadà. Kò sí ọ̀kadà kankan lẹ́nu ọ̀nà, kò sí lójú títì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ìyá ọmọ ń sáré lẹ́yìn rẹ̀ láìwọ bàtà. Èmi náà gbé ike omi, mo tẹ̀lé wọn. Ọkùnrin náà yíjú padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó ní, “Má tẹ̀lé mi.”

Mo dúró. Mo dúró sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú ike omi títí n kò fi rí wọn mọ́.

Ọmọ náà yè, ó sì ń rìn. Àpá náà wà lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn, àwọn kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n fi ọwọ́ kan irin náà, wọ́n yára fà á kúrò, wọ́n sì ní kí n ti ibẹ̀ pa. Mo lọ sí ilé ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti tọrọ àforíjì. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ fún mi láti inú ilé pé kò sí nílé, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ bá ọlọ́kadà tí mo dá padà. N kò fẹ́ lọ. Ó ní bí n kò bá lọ, òun kò ní tẹ ilẹ̀ ilé bàbá wa mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń gbé nínú yàrá kan lójú ọ̀nà Anié. A bá a níta, ó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀, àwọn gáùn kéékèèké wà lórí okùn. Ó nu ọwọ́, ó gbé àga fún wa, ó sì bu omi fún wa mu gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò. Ní ọjọ́ náà, mo fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pákó ìjókòó títí dé orí omi, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo parí, ó ní, “Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, n kò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi bi mí lọ́jọ́ náà pé ṣé nítorí ìyá òun kú ni wọn kò ṣe jẹ́ kí àwa wọlé. N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ni kí ẹ fún un lésì.”

Ó pe ọmọ náà. Ó jáde láti inú yàrá, ó ń jẹ gúgúrú, irun rẹ̀ ti dára sí i ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Ó dúró níwájú mi. Mo wá sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi bàbá rẹ̀, pé èmi ni mo ṣe ohun tí kò dára. Ó bi mí pé, “Kí ló dé tí ẹ ṣe é?”

N kò lè sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún nípa ìlú kan ní aṣálẹ̀ tí wọ́n ti dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo tilẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe èsì. Mo ní n kò mọ̀. Ó padà sínú yàrá pẹ̀lú gúgúrú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dìde, èyí tó fi hàn pé àlejò ti tó lọ. Ó sìn wá dé ojú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ní a ó máa retí wọn ní ọgbà lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin náà ní rárá, pé ọmọ òun ń ṣeré ní ilé ìwé, ó sì tó o.

Mo tú wáyà náà. Wẹ́dà wá gé ìyọ̀ náà kúrò, kò sọ ohunkóhun fún mi nípa símẹ́ǹtì, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Mo fi jáńgírọ́fà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ rí i pé kò sí ìyọ̀ mọ́, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń wá fì lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù díẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè jókòó. Mo gbin dóńgóyárò mẹ́ta. Ewúrẹ́ jẹ méjì. Ẹ̀kẹta ti dé orúnkún mi, mo sì fi ẹ̀gún yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tó kú, bóyá á ti tó kí adìyẹ sinmi lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó pọn dandan nìkan. Iyọ̀ ti tán. Òrùlé ń jò. Kò fi Lárúbáwá pè mí mọ́, kò sì fi orúkọ mi pè mí.

Iṣẹ́ mi wà ní oko kan tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn igi, lójú ọ̀nà Notsé. Láàárọ̀, mo máa ń fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, nítorí àwọn ọlọ́kadà kò gbé mi. Bí mo bá na ọwọ́ sí wọn, wọ́n á dẹ ìrìn, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á sì tẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn kọjá lára mi lórí òkè, á di àpò ìwé rẹ̀ mú, á sì juwọ́ sí mi. Ọlọ́kadà náà kì í bojú wẹ̀yìn.